Ìlú Tí Kò Bọ́ Lọ́wọ́ Ajẹ́lẹ̀: Ìtàn Ìṣèlú Ìbílẹ̀ ní Niamey

Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r tó wà létí Odò Ọya, jẹ́ ìlú ńlá tí iye ènìyàn inú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan, síbẹ̀ bí a bá ka gbogbo ọdún tí ìlú náà ti lò lábẹ́ ìjọba òde òní, ọdún tí àwọn ará ìlú fi ìbò yan ẹni tí ń ṣàkóso wọn kéré púpọ̀ sí ọdún tí a fi gbé ẹnìkan kalẹ̀ fún wọn láti òkè. Irú ìṣàkóso bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì nínú ìtàn Yorùbá. Nígbà tí Ìbàdàn jẹ gàba lórí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ajẹ́lẹ̀ ni ó ń fi sí ìlú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn aṣojú tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀, tí ń dá ẹjọ́, tí kì í sì í jíhìn fún ẹnikẹ́ni àyàfi ẹni tó rán an níṣẹ́; ìnira tí àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí kó bá ìlú sì wà lára ohun tó fa ogun Kírìjì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ní Niamey, láti ìgbà àwọn Faransé títí di òní, ajẹ́lẹ̀ ti yí aṣọ padà lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ará ìlú sì ti lé e lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò pẹ́ rí kó tó padà dé.

Kí àwọn Faransé tó dé, ohun tó wà níbẹ̀ kò ju abúlé àwọn apẹja àti àgbẹ̀ mélòó kan lọ, bíi Gamkallé, Gaweye, Goudel àti Saga, tí àwọn Zarma, Songhai, Maouri àti Fúlàní ń gbé, tí abúlé kọ̀ọ̀kan sì ní baálẹ̀ tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀gá ṣójà Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Salaman dá ibùdó ológun sílẹ̀ lórí ilẹ̀ gíga tó dojú kọ odò náà, nítorí pé ọkọ̀ ojú omi lè gúnlẹ̀ síbẹ̀, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Dosso, tí àwọn ìjòyè Zarma rẹ̀ ti bá Faransé ṣe àdéhùn. Fún ọdún díẹ̀ ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe olú-ìlú agbègbè tí àwọn ológun Faransé ń ṣàkóso, èyí tó padà di Nìjẹ̀r, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Zinder ní ìlà oòrùn ní nǹkan bí 1911. Ṣùgbọ́n omi ṣọ̀wọ́n ní Zinder, ó sì sún mọ́ ààlà Nàìjíríà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ju bí ó ti tẹ́ àwọn Faransé lọ́rùn, nítorí náà, lábẹ́ gómìnà Jules Brévié, wọ́n dá olú-ìlú padà sí Niamey ní 1926. Báyìí ni Niamey ṣe di olú-ìlú nípa àṣẹ tí ìjọba amúnisìn pa, láìsí pé ọba kan tẹ̀ ẹ́ dó tàbí pé ọjà ńlá kan ló kọ́kọ́ so ó ró, gbogbo ohun tó sì tẹ̀lé e nínú ìṣèlú rẹ̀ ló gbé àmì ìbẹ̀rẹ̀ yìí lára.

Ìlú méjì ni àwọn Faransé kọ́ sínú ẹyọ kan. Àfonífojì Gounti Yena, tí omi ń gbà wọ odò lásìkò òjò, ni wọ́n fi ṣe ààlà: ní apá kan ni òkè tí wọ́n ń pè ní Plateau wà, níbi tí ilé gómìnà, ọ́fíìsì ìjọba àti ilé àwọn òyìnbó ti jìnnà síra láàárín òpópónà gbígbòòrò àti igi tí wọ́n gbìn, ní apá kejì ni àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú wà, bíi Maourey, Kalley, Gandatché, àti Zongo tí àwọn oníṣòwò Hausa àti àwọn àlejò mìíràn ń dé sí. Nígbà tí iná ńlá jó àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1935, ìjọba fi àǹfààní náà ṣí àwọn ènìyàn kúrò nítòsí odò, wọ́n sì tún ilẹ̀ pín fún wọn lókè ní ìlà gbọọrọgbọọrọ, láìsí ìgbìmọ̀ kankan tí ará ìlú yàn tó lè fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀ ọ́. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, olórí àdúgbò ló dúró láàárín ìjọba àti ará ilé: òun ló ń gba owó orí, òun ló ń kéde àṣẹ, òun ló sì ń parí ìjà kéékèèké láàárín aládùúgbò. Títí di 1946 ni òfin tí wọ́n ń pè ní indigénat, èyí tó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé lè fi ìyà jẹ ọmọ ilẹ̀ láìgbé e dé ilé ẹjọ́, fi wà lórí àwọn ènìyàn wọ̀nyí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìlú kò lè kọjá ẹ̀bẹ̀ àti àròyé.

Àyípadà tòótọ́ kọ́kọ́ dé ní 1955, nígbà tí òfin kan láti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé sọ àwọn ìlú ńláńlá kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà di kọ́múùnù alágbára kíkún. Kọ́múùnù ni ìpín tó kéré jù lọ nínú ètò ìjọba àwọn Faransé, ó jọ ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn ará Nàìjíríà mọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ alágbára kíkún, àwọn ará ìlú ni yóò dìbò yan ìgbìmọ̀ rẹ̀, ìgbìmọ̀ náà ni yóò yan méyọ̀ láàárín ara rẹ̀, yóò sì ní àpò owó tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1956 ni wọ́n dìbò náà ní Niamey, ẹni tó sì di méyọ̀ àkọ́kọ́ tí ìlú yàn ni Djibo Bakary, olùkọ́ tó di aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tí wọ́n bí ní 1922 ní Soudouré, abúlé kan tí kò jìnnà sí Niamey, ní abúlé kan náà tí ìbátan rẹ̀ Hamani Diori, tó padà di ààrẹ orílẹ̀-èdè, ti wá. Agbára Djibo wà lọ́dọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù ìlú: òṣìṣẹ́ ojúmọ́, oníṣòwò kéékèèké, awakọ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá láti abúlé. Sawaba, ọ̀rọ̀ Hausa tó túmọ̀ sí ìtura, ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe ìkéde, orúkọ náà ni ìtàn sì fi mọ ẹgbẹ́ náà títí di òní.

Kò yẹ kí a wo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí bí ẹni pé Niamey nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí, nítorí pé ní ọdún mẹ́wàá kan náà ni àwọn ìlú ńlá Yorùbá ń dán irú rẹ̀ wò. Ní 1950 ni Dókítà Ibiyinka Ọlọ́runnímbẹ̀ di méyọ̀ Èkó, ṣùgbọ́n kò tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi pa ipò náà rẹ́. Ní 1954 sì ni Adégòkè Adélabú, tí àwọn mẹ̀kúnnù Ìbàdàn fẹ́ràn, di alága ìgbìmọ̀ ìlú náà, kó tó di pé ìwádìí tí ìjọba gbé dìde mú kí ó fi ipò sílẹ̀ ní 1956, ọdún kan náà tí Djibo gba ti Niamey. Adélabú àti Djibo jọra ní ti pé àwùjọ àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ló gbé wọn dépò, wọ́n sì jọra ní ti pé ìlú ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn sí agbára tó ga ju ìlú lọ, èyí tó mú kí ẹni tó bá ń bẹ̀rù wọn lókè rí ìdí láti dojú ìjọba ìlú bolẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Djibo yára. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àga 41 nínú 60 nínú ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ náà ní oṣù kẹta 1957, òun fúnra rẹ̀ sì di olórí ìgbìmọ̀ ìjọba lábẹ́ gómìnà Faransé. Nígbà tí Charles de Gaulle, olórí ìjọba Faransé, ní kí gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń mú sìn dìbò ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1958, bóyá wọ́n fẹ́ dúró sínú àjọ tí Faransé jẹ́ olórí fún tàbí wọ́n fẹ́ gba òmìnira lójú ẹsẹ̀, Djibo ní kí àwọn ènìyàn kọ̀. Gómìnà tuntun tí wọ́n rán wá, Don Jean Colombani, lo agbára ìjọba àti ti àwọn ìjòyè ìgbèríko láti mú kí àwọn ènìyàn gbà. Àbájáde tí wọ́n kéde fi hàn pé nǹkan bí 78 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò gbà. Kí ọdún náà tó parí, ẹgbẹ́ PPN-RDA ti Hamani Diori ti gba ìjọba, ní oṣù kẹwàá 1959 wọ́n fòfin de Sawaba, Djibo sì sá lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Òmìnira tó dé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ 1960 bá ìlú tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ń ṣàkóso, tí ẹni tó bá fẹ́ di ipò kankan mú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ náà kọjá.

Ohun tí àìní ìjọba ìlú tó lágbára ń ná àwọn àlejò hàn gbangba ní òpin 1963. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Niamey nígbà náà ló wá láti Dahomey, orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Benin lónìí, nítorí pé ilé-ìwé ti pẹ́ níbẹ̀ ju ti Nìjẹ̀r lọ, àwọn Faransé sì ti kó akọ̀wé àti olùkọ́ láti ibẹ̀ wá. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì lórí erékùṣù Lété tó wà láàárín Odò Ọya, ìjọba Diori pàṣẹ kí wọ́n lé àwọn ará Dahomey wọ̀nyí lọ, àwọn ènìyàn tó ti kọ́lé tí wọ́n sì ti bímọ ní ìlú náà sì di ẹni tí ń di ẹrù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọdún 2005 ni ilé ẹjọ́ àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ dá erékùṣù náà fún Nìjẹ̀r. Àwọn Yorùbá rí irú rẹ̀ ní Ghana ní oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Níbi tí àṣẹ bá ti ń wá láti òkè tààrà, aládùúgbò tó mọ àlejò náà láti ogún ọdún kò ní ibi tí yóò ti gbẹnu sọ fún un.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1974, Seyni Kountché àti àwọn ológun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjọba, wọ́n da òfin ìpìlẹ̀ nù, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú. Ṣùgbọ́n ológun pàápàá nílò ọwọ́ tó dé inú àdúgbò, ohun tí ìjọba yìí sì mú lò ni samariya, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ti wà tipẹ́ láàárín àwọn Hausa, tí wọ́n ń kóra jọ ṣe iṣẹ́ oko àti ayẹyẹ. Ìjọba sọ ọ́ di àjọ tó wà ní gbogbo àdúgbò àti abúlé, tí ń gbá ojú títì, tí ń gbin igi, tí ń kọ́ kíláàsì, tí ń jó tí ó sì ń ṣeré nígbà tí àlejò ìjọba bá dé. Lórí rẹ̀ ni wọ́n to ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè lé, láti abúlé àti àdúgbò dé orí ìgbìmọ̀ gbogbogbòò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1983. Ètò yìí jẹ́ kí mẹ̀kúnnù lè jókòó nínú ìpàdé, ó sì ṣe iṣẹ́ tí ojú rí. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè sọ ohun tí àdúgbò nílò, ṣùgbọ́n kò lè lé ẹni tó kọ̀ láti ṣe é kúrò lórí àga.

Láàárín àkókò kan náà ni ìlú ń fẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Nígbà òmìnira, nǹkan bí 30,000 ènìyàn ló wà ní Niamey. Afárá Kennedy, tí wọ́n ṣí ní 1970, so ó mọ́ bèbè ọ̀tún odò, níbi tí Karadjé, Lamordé àti àwọn àdúgbò mìíràn ti gbilẹ̀; ọ̀dá ọdún 1973 àti ti 1984 sì lé àwọn darandaran àti àgbẹ̀ wá sí ẹ̀yìn ìlú, tó bẹ́ẹ̀ tí àgọ́ ńlá kan fi wà ní Lazaret fún àwọn Tuareg tí ẹran wọn ti kú tán. Ní òpin àwọn ọdún 1980, wọ́n pín ìlú sí kọ́múùnù mẹ́ta lábẹ́ àjọ kan tí wọ́n pè ní Communauté Urbaine, ṣùgbọ́n ẹni tí ìjọba yàn ló wà lórí rẹ̀.

Ọdún 1990 ló tú ahọ́n ìlú. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì, àwọn agbófinró yìnbọn sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fẹ̀hónú hàn lórí Afárá Kennedy, wọ́n sì pa mẹ́ta nínú wọn. Ìbínú tó tẹ̀lé e ló fipá mú ìjọba Ali Saïbou, tó rọ́pò Kountché, láti gba ẹgbẹ́ òṣèlú púpọ̀ láàyè, kó sì pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tó hàn pé obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n fi sínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò àpérò náà, àwọn obìnrin Niamey tú jáde ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1991 títí tí wọ́n fi fi kún wọn, ọjọ́ náà sì ni Nìjẹ̀r fi ń ṣe ọjọ́ àwọn obìnrin lọ́dọọdún. Títí di àkókò yìí, ìròyìn ìlú ń wá láti ẹnu ìjọba nìkan, nípasẹ̀ rédíò Voix du Sahel àti ìwé ìròyìn Le Sahel. Ṣùgbọ́n ní 1990 ni Haské, ìwé ìròyìn aládàáni àkọ́kọ́, jáde, nígbà tó sì di àárín àwọn ọdún 1990, rédíò aládàáni bíi Anfani ti ń sọ̀rọ̀ ní Zarma, Hausa àti Faransé nípa ọjà, omi, ilé-ìwé àti jàǹdùkú.

Rédíò yìí bá ibi tí etí wà pàdé. Láti ìgbà ìyanṣẹ́lódì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni fada ti gbilẹ̀ ní Niamey, ìyẹn àwùjọ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń jókòó sí ìdí ògiri àdúgbò ní alẹ́, tí wọ́n ń se tíì, tí wọ́n ń ta káàdì, tí wọ́n sì ń yẹ ọ̀rọ̀ ìjọba wò. Fada kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń kọ sí ara ògiri, àwọn òṣèlú sì tètè mọ̀ pé ẹni tó bá ń wá ìbò gbọ́dọ̀ kí wọn níbẹ̀. Àwọn obìnrin náà ní àjọ tiwọn tí wọ́n ń pè ní foyandi, tí wọ́n ti ń dá owó, tí wọ́n sì ń ran ara wọn lọ́wọ́ nígbà ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Agbára irú àwùjọ wọ̀nyí hàn ní oṣù kẹta 2005, nígbà tí ìjọba fi owó orí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún lé ìyẹ̀fun, mílíìkì, ṣúgà, omi àti iná mànàmáná: ogunlọ́gọ̀ ènìyàn gba ìgboro Niamey, wọ́n ti ilé àti ọjà pa, àwọn aṣáájú wọn wọ ẹ̀wọ̀n, ní oṣù kẹrin sì ni ìjọba gbà láti yí òfin náà padà.

Ìbò ìbílẹ̀ alára kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Èyí tí ìjọba ààrẹ Ibrahim Baré Maïnassara ṣe ní ọjọ́ 7 oṣù kejì 1999 dàrú débi tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi wọ́gi lé e ní ọ̀pọ̀ ibi, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìdájọ́ náà sì ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ pa Baré ní pápákọ̀ òfuurufú Niamey. Òfin ọdún 2002 ló tún gbogbo orílẹ̀-èdè náà pín sí kọ́múùnù, márùn-ún nínú wọn wà ní Niamey, wọ́n sì dìbò yan ìgbìmọ̀ wọn ní ọjọ́ 24 oṣù keje 2004. Iṣẹ́ kọ́múùnù ni kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti òkú sílẹ̀, gbígba owó ọjà, kíkó ìdọ̀tí, àti ìtọ́jú ojú àgbàrá. Ṣùgbọ́n ètò ìdìbò rẹ̀ ní ìṣòro kan tó yẹ kí a kíyè sí. Ní ìlú ńlá bíi Chicago ní Amẹ́ríkà, ìlú pín sí wọ́ọ̀dù 50, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sì ní aṣòfin ìlú kan tí ará ibẹ̀ lè lọ bá. Nínú àwọn ìdìbò Niamey, orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni ará ìlú dìbò fún, ẹgbẹ́ ló sì to orúkọ àwọn tó máa jókòó, nítorí náà ẹni tí àgbàrá wọ ilé rẹ̀ ní Boukoki tàbí Talladjé kò mọ ẹni pàtó tó lè di mú. Ìdí nìyí tí olórí àdúgbò, tí òfin ọdún 1993 tún fi ẹsẹ̀ ipò rẹ̀ múlẹ̀, fi ṣì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn ń sáré lọ bá, bí wọ́n ti ṣe nígbà tí odò kún bo Lamordé àti Kirkissoye ní 2012 àti 2020.

Láti 2004, àwọn ìgbìmọ̀ yìí kò tíì ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Àwọn ológun tú wọn ká lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù kejì 2010. Wọ́n dìbò mìíràn ní oṣù kìíní 2011. Nígbà tí sáà náà parí ní 2016, ìjọba ń sún ọjọ́ ìbò síwájú títí di ọjọ́ 13 oṣù kejìlá 2020, èyí tí ẹgbẹ́ alátakò Lumana ti gba olú-ìlú. Ọdún mẹ́ta kò tíì pé tán nígbà tí ọ̀gágun Abdourahamane Tiani gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù keje 2023, ní oṣù kẹrin 2024 sì ni wọ́n tú gbogbo ìgbìmọ̀ ìlú ká, tí wọ́n fi alákòóso tí ìjọba yàn rọ́pò àwọn méyọ̀.

Ìtàn yìí fi hàn pé àwọn ará Niamey kò ṣàìní ìfẹ́ sí ọ̀rọ̀ ìlú wọn, nítorí pé fada, foyandi, rédíò àti ìwọ́de wọn ti yí òfin padà ju bí ìgbìmọ̀ ìlú ti ṣe rí lọ. Ohun tó ń ba ìjọba ìlú jẹ́ ni pé ẹni tó wà lókè lè tú u ká nígbàkígbà tó bá wù ú, gẹ́gẹ́ bí gómìnà àwọn Faransé ti lè ṣe, yálà aṣọ ológun ni ó wọ̀ tàbí agbádá. Àwọn òǹkàwé Yorùbá kò gbọdọ̀ ka èyí sí ọ̀rọ̀ òkèèrè: ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé kò bófin mu kí gómìnà ìpínlẹ̀ máa fi ìgbìmọ̀ alákòóso onígbà díẹ̀ rọ́pò ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn. Ìdájọ́ náà wà nínú ìwé. Àwọn ará ìlú ni yóò máa béèrè, ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí ó má bàa kú sínú ìwé.